Baht mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: orin Bodyslam àti eré sísá láti Betong dé Mae Sai

Orin ìṣọ̀kan kò wọ́n ní Táílándì. Bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bá lù, orin orílẹ̀-èdè á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti inú sípíkà ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti ọgbà ìgbafẹ́, ẹni tó ń rìn á dúró síbi tó wà títí yóò fi parí. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún gbé e sí i. Nígbà tí Ọ̀gágun Prayut Chan-o-cha fipá gba ìjọba ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, kò pẹ́ tí orin tuntun fi jáde, ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orin náà ṣèlérí pé àwọn ológun yóò dá ayọ̀ padà fún àwọn ará ìlú, ó ní kí wọ́n ṣáà fún àwọn láyè díẹ̀. Rédíò ń gbé e, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e, àwọn ṣọ́jà ń kọ ọ́. Mi ò tí ì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ àpò nítorí orin yẹn.

Orin mìíràn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Orin rọ́ọ̀kì ti ẹgbẹ́ olórin Bodyslam ni, ọdún 2005 ló jáde, kò sì dárúkọ Táílándì, kò dárúkọ ìṣọ̀kan. "Khwam Chuea" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé "Ìgbàgbọ́". Ẹni tó rẹ̀ tẹnutẹnu, tó kù díẹ̀ kó ṣubú, tí kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ ohun tó gbà gbọ́, òun ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni ẹni tó kọ ọ́ gbéra lẹ́sẹ̀, tó sáré láti òpin orílẹ̀-èdè náà ní gúúsù dé òpin rẹ̀ ní àríwá, tí àwọn ará ìlú sì fi owó ọwọ́ wọn dáhùn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, ibi tó dùn àti ibi tó korò.

Artiwara Kongmalai ni orúkọ akọrin náà, ṣùgbọ́n ní Táílándì, orúkọ kúkúrú tí wọ́n ń pe ènìyàn nílé ló sábà ń tẹ̀ lé e káàkiri. Toon ni tirẹ̀. Toon Bodyslam ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Suphan Buri, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn àríwá Bangkok, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1979. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní La-On, wọ́n sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Hot Wave ti ọdún 1996, ìdíje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń du lójú méjèèjì. Ó ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Chulalongkorn. Òfin kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ gìtá. Ní 2002, ẹgbẹ́ náà ti yí orúkọ padà di Bodyslam, àwo orin wọn àkọ́kọ́ sì jáde. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ orin ńlá GMM Grammy, wọ́n gbé àwo kẹta jáde ní 2005, inú rẹ̀ ni "Khwam Chuea" wà.

Ẹni tí wọ́n pè wá bá wọn kọ orin náà ló mú kó wúwo. Yuenyong Opakul ni, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Aed Carabao, ọmọ Suphan Buri bíi ti Toon. Òun ni olórí ẹgbẹ́ Carabao, tí àwo "Made in Thailand" wọn ti ọdún 1984 tà tó fi di ohun tí kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n. Carabao wá láti inú ìran orin kan tí wọ́n ń pè ní phleng phuea chiwit, orin fún ìgbé ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e lárugẹ ní ìgbà tí wọ́n lé ìjọba ológun kúrò lórí oyè ní oṣù kẹwàá ọdún 1973. Orin ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, orin ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti alágbàṣe. Àwọn ọmọ ìlú ńlá tó ń gbọ́ Bodyslam ní 2005 ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí orin bàbá wọn.

Nínú "Khwam Chuea", ohùn ọ̀dọ́ lẹ́ kọ́kọ́ máa gbọ́, ó mọ́, ó ń gùn lọ sókè. Nígbà tó bá yá ni ohùn Aed á wọlé, ó há, ó rí gbágungbàgun, ohùn ẹni tó ti kọrin lórí ọkọ̀ akẹ́rù àti ní pápá. Ẹni tó wà lọ́mọ ogún ọdún gbọ́ tirẹ̀ nínú orin náà, bàbá rẹ̀ náà gbọ́ tirẹ̀. Lójú mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ wà nínú orin yìí: kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, inú ohùn méjèèjì ló wà.

Kò sì rọrùn láti rí ohun tí ọmọ àti bàbá jọ gbà ní Táílándì lásìkò yẹn. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti lé Thaksin Shinawatra, olórí ìjọba, kúrò ní 2006, orílẹ̀-èdè náà pín sí aláṣọ pupa, tí ọ̀pọ̀ wọn wà lẹ́yìn Thaksin, àti aláṣọ ìyeyè, tó ń ta kò ó. Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 2010, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tú àwọn aláṣọ pupa ká ní àárín Bangkok, ó lé ní 90 ènìyàn tó kú. Nínú ọdún kan náà ni Bodyslam gbé àwo "Kraam" jáde, inú rẹ̀ ni "Saeng Sut Thai" wà, orin ẹni tó ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ tó kù kẹ́yìn nínú òkùnkùn. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n kọrin ní pápá ìṣeré Rajamangala, èyí tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà. Kò sí ẹni tó ń bèèrè àwọ̀ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ orin pé kí ẹni tó rẹ̀ má dúró, kálukú á fi ìṣòro tirẹ̀ sí i, orin á sì gbà wọ́n.

Títí di ibí yìí, ọ̀rọ̀ orin lásán ni. Bang Saphan ló yí i padà.

Bang Saphan jẹ́ ìlú kékeré létí òkun ní ìpínlẹ̀ Prachuap Khiri Khan, níbi tí ilẹ̀ Táílándì ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà níbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó, Toon sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọrin ì bá ṣe àṣeyẹ orin kan, kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kó owó lé wọn lọ́wọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó sáré láti Bangkok lọ sí Bang Saphan, 400 kìlómítà ní ọjọ́ mẹ́wàá, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2016. Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 60 baht, owó ilẹ̀ Táílándì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, omi ya wọ Bang Saphan, ó sì wọ inú ilé ìwòsàn náà gan-an débi pé wọ́n ní láti kó àwọn aláìsàn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì ì bá ti rí àwáwí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ń ké sí i. Kò yà mí lẹ́nu. Láti nǹkan bí 2002 ni Táílándì ti ní ètò ìlera tí gbogbo ará ìlú wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ètò baht 30, torí pé baht 30 ni aláìsàn ń san nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ètò tó dára gan-an ni, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ló máa wọlé, owó tí ìjọba ń fún àwọn ilé ìwòsàn kò sì pọ̀ tó àwọn tó ń wọlé. Ibùsùn á kún, wọ́n á tẹ́ ibùsùn sí kọ́rídọ̀, ẹ̀rọ á gbó, nọ́ọ̀sì á ṣiṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé lórí èyí, àfi ti pé ní tiwa, owó lẹ́ ó kọ́kọ́ san kí wọ́n tó bojú wò yín.

Wọ́n yan ilé ìwòsàn 11 jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, láti Yala ní gúúsù dé Nan àti Chiang Rai ní àríwá. Wọ́n sọ ètò náà ní "Kao Khon La Kao", ìṣísẹ̀ kan ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè ṣe é: àwọn ará Táílándì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 70, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú baht 10 wá, ó di mílíọ̀nù 700. Owó wẹ́wẹ́ kan ni baht 10, fàdákà yí ìta rẹ̀ ká, àárín rẹ̀ pọ́n bíi wúrà; omi inú ike kan ló ń rà. Kò sí ẹni tó lè ní òun kò ní i. Kò sì sí olówó tó lè fi í ṣe fáàrí.

Mo rò pé ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ nìyẹn ju òkìkí Toon lọ. Bí wọ́n bá ní kí olówó wá gbé mílíọ̀nù 700 kalẹ̀, wọ́n lè rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó kún fún ìdílé olówó ní Bangkok. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kan màmá àgbà tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Chumphon. Bí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó: ilé ẹnìkan ni a fẹ́ bò, gbogbo ilé ló máa mú ọwọ́ kan ewé wá, ẹni tí kò mú nǹkan wá ni ojú á tì.

Àsìkò náà tún ní ohun tó ń gbé lọ́kàn. Ọba Bhumibol, tó jọba fún 70 ọdún, ti wàjà ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ aṣọ dúdú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n sun òkú rẹ̀ pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá ní Bangkok. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, Toon gbéra ní Betong. Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe.

Betong wà lẹ́bàá ààlà Malaysia, nínú òkè ìpínlẹ̀ Yala. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ ń lọ́, ó ń yí, òkè lápá kan, kòtò lápá kejì. Ìpínlẹ̀ Yala, Pattani àti Narathiwat ni ibi tí ogun àwọn tó fẹ́ ya kúrò lára Táílándì ti ń jà láti 2004, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti kú níbẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí tó ń sọ èdè Màláyù. Bangkok jìnnà sí wọn, àwọn ṣọ́jà ni wọ́n sì sábà máa ń rí ti Bangkok. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Akọrin ẹlẹ́sìn Búdà ń sáré kọjá ní àárọ̀ kùtù, àwọn obìnrin oníbòrí dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n na owó sí i. Yala sì wà lára àwọn tó máa jẹ nínú owó náà. Nínú gbogbo ohun tí mo kà àti ohun tí mo wò nípa ìrìn yẹn, apá ibẹ̀ ni mo máa ń padà sí. Ológun ti lo ọdún 13 ní ìhà yẹn lórí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan pẹ̀lú ibọn àti ibùdó àyẹ̀wò.

Bí wọ́n ṣe ń sáré nìyí. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó ràn. Wọ́n pín ọjọ́ sí ìpín ìpín, á sá nǹkan bí 10 kìlómítà, á dúró, wọ́n á fi yìnyín sí orúnkún àti ojúgun rẹ̀, wọ́n á na iṣan rẹ̀, á jẹ nǹkan díẹ̀, á tún bọ́ sọ́nà. Àwọn dókítà àti àwọn tó ń ṣètò ìtọ́jú iṣan wà nínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá wà níwájú. Àwọn ènìyàn ń rọ́ wá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n jí àwọn ọmọ dìde kó tó mọ́, ọmọ mìíràn gbé kóló rẹ̀ tí kò tíì fọ́ dání. Ẹni àgbà jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú owó tó ká mọ́ ọwọ́. Toon á dúró, á kúnlẹ̀ níwájú àgbà náà, á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí iwájú orí bí wọ́n ṣe máa ń kí àgbà níbẹ̀, á gba owó náà, á fi sínú àpò. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó kúnlẹ̀. Ẹni tó ti sáré 30 kìlómítà lójúmọ́ yẹn, ẹ rò ó wò bí orúnkún ṣe máa ń ṣe é bó bá fẹ́ dìde.

Ìfẹ́ yẹn fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ bá a ya fọ́tò sẹ́lífì. Bó bá dúró fún ẹnìkan, ó gbọ́dọ̀ dúró fún igba. Dídúró àti títún bẹ̀rẹ̀ a sì máa pa iṣan lára ju sísáré lọ. Àwọn tó ń bá a rìn ní láti máa bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fún un láyè. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àwọn dókítà sì dá a dúró ní tipátipá pé kó sinmi kí ó tó máa lọ. Ratchawin Wongviriya, Koy, òṣèré tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà náà tó sì padà di ìyàwó rẹ̀, sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn gbajúmọ̀ mìíràn ń bọ́ síbẹ̀, wọ́n á sáré kìlómítà díẹ̀, wọ́n á padà sílé wọn.

Nígbà tí ó dé Bangkok ní oṣù kejìlá, Prayut gbà á lálejò ní Ilé Ìjọba. Ẹ rántí pé òun ló kọ orin ìdáyọ̀padà ti 2014. Wọ́n ya fọ́tò. Àwọn kan bínú sí fọ́tò yẹn ju gbogbo ìrìn náà lọ.

Ìbínú wọn ní ìdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017 kan náà ni ìgbìmọ̀ ìjọba Prayut fọwọ́ sí ríra ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kan láti Ṣáínà, bílíọ̀nù 13.5 baht. Owó tí Toon ń wá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Wọ́n béèrè pé: owó orí tí a ń san ńkọ́? Kí ló dé tí akọrin fi ní láti ba orúnkún ara rẹ̀ jẹ́ kí ilé ìwòsàn ìjọba tó rí ẹ̀rọ rà? Wọ́n ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ yìí, ìjọba á kàn máa gbójú lé ọrẹ àwọn ènìyàn ní tirẹ̀. Wọ́n tún ní orin nípa ẹni tí kì í juwọ́ sílẹ̀ a máa kọ́ àwọn ènìyàn láti fara da ohun tí kò yẹ kí wọ́n fara dà.

Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè ọkọ̀ abẹ́ omi yẹn dáadáa títí di òní. Toon fúnra rẹ̀ kò dáhùn rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, pé ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ òun dá lé, àti pé òun tún fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ṣe eré ìdárayá kí wọ́n má baà di aláìsàn tó ń kún ibùsùn. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé àwọn tó sọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí i nítorí ìrìn náà. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ta ló ń sọ̀rọ̀ nípa gbèsè ilé ìwòsàn ìjọba ní tábìlì oúnjẹ? Ọjọ́ 55 ni gbogbo ilé fi ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá, ó wọ Mae Sai, níbi tí ẹ lè ti fi ojú rí Myanmar ní òdìkejì odò. Wọ́n ti wọn ọ̀nà náà sí 2,191 kìlómítà kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí ó parí, ó di 2,215. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 55, tí a ka àwọn ọjọ́ tó fi sinmi mọ́ ọn, ó sún mọ́ eré màrátọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Owó náà ti kọjá bíliọ̀nù kan baht, wọ́n sì ṣì ń rán an wá lẹ́yìn rẹ̀. Baht 10 kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn mú wá. Bí ẹni tí kò ní bá mú 10 wá, ojú á ti ẹni tó ní láti mú 10 wá náà.

Wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2018, Nottapon Boonprakob ló darí rẹ̀, wọ́n sì fi iye kìlómítà náà sọ ọ́ lórúkọ. Eré sísá òpópónà pọ̀ gan-an ní Táílándì lẹ́yìn náà. Ìlú tí kò tíì ní irú rẹ̀ rí dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sunday. Kò sì pẹ́ tí gbogbo ayé tún fi gbọ́ orúkọ Mae Sai. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn ọmọdékùnrin agbábọ́ọ̀lù 12 àti olùkọ́ wọn há sínú ihò àpáta Tham Luang, nítòsí ibi tí Toon ti parí eré. Bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n jáde ní oṣù keje, ilé ìwòsàn Chiang Rai Prachanukroh ni wọ́n gbé wọn lọ. Ó wà lára àwọn 11 náà. Mi ò ní sọ pé owó eré sísá ló gba àwọn ọmọ náà là. Àwọn òmùwẹ̀ ló gbà wọ́n là, ọ̀kan nínú wọn, Saman Kunan, sì kú sí i. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó fi owó wẹ́wẹ́ ṣọwọ́ sí Chiang Rai ní oṣù kejìlá, àìmọye ènìyàn láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ń wo ilé ìwòsàn tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù keje.

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́ títí. Ní 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ìgboro Bangkok, wọ́n ní kí Prayut kọ̀wé fipò sílẹ̀, kí wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè náà kọ, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe ipò ọba, ohun tí ẹnu kì í ya sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ni wọ́n fi "Khwam Chuea" dàgbà. Wọ́n wojú Toon, wọ́n ní: ìwọ ńkọ́, apá ibo lo wà? Kò ní ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tó sáré ní 2021 kí àwọn ọmọ aláìní lè rí owó ilé ẹ̀kọ́, àtakò dé bá a ju ti ìgbà ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n ní kò yẹ kí ọmọ kankan máa dúró de akọrin kí ó tó kàwé, ìjọba ni kí ó lọ bá. Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀, ọmọ mélòó lẹ rán nílé ìwé?

Ó sáré náà. Owó wọlé, àwọn ọmọ náà padà sí kíláàsì, ìjà sì ń lọ lórí fóònù gbogbo ènìyàn bí ó ṣe ń lọ lójú títì.